Wáyà Tí A Ká Sẹ́yìn Àga

Télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ní Fìdíẹ̀sílẹ̀. Orúkọ náà kò bí i nínú, nítorí òótọ́ ni. Bí ó bá ń gé aṣọ, kì í gé e dé ibi tí ó wọ̀n ọ́n dé. A máa fi díẹ̀ sílẹ̀, a sì ká a mọ́ abẹ́ ojú rírán. Ó ní ara ènìyàn kì í dúró sójú kan, àti pé aṣọ tí ó gùn ṣeé dín kù, ṣùgbọ́n èyí tí a gé kúrú, ẹkún ni ó kù. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ a máa sọ pé inú gbogbo ṣòkòtò tí ó bá rán, ṣòkòtò kékeré mìíràn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ó ra díìṣì, abọ́ ńlá tí í gba àwòrán tẹlifíṣọ̀n láti ojú ọ̀run, ìwà yìí kan náà ni ó bá a lọ. Ilé alájà mẹ́ta kan dí ojú ọ̀run mọ́ iwájú ilé rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ni díìṣì ti rí ibi dúró sí. Wáyà ní láti gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, kí ó tọ ògiri, kí ó tó wọ pálọ̀. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n wáyà tí Fìdíẹ̀sílẹ̀ rà gùn ju ọ̀nà lọ dáadáa, kò sì gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ó ká ìyókù bí ẹni ká aṣọ olówó iyebíye, ó fi ríbọ́ọ̀nù dì í, ó sì gbé e sẹ́yìn àga onítìmùtìmù. Àlejò kan béèrè lọ́jọ́ kan bóyá táyà ọkọ̀ ni.

Àwòrán kò dára láti ọjọ́ náà. Ojú àwọn ènìyàn a máa fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹnu wọn a wà ní yíyà, ohùn a sì já. Bí eré bá dé ibi tí ó dùn jù, gbogbo rẹ̀ a gan, òun àti ìyàwó rẹ̀ a sì máa jiyàn nípa ẹni tí ó kú. Ó ti mọ́ wọn lára.

Wàhálà dé nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ kíka ìròyìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni yóò kọ́kọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà, Fìdíẹ̀sílẹ̀ ni ó sì rán kóòtù tí yóò wọ̀, kóòtù búlúù tí kò ní ilà kankan lára. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé ilé àna òun ni òun yóò ti wò ó. Ìyá yìí kò bú iṣẹ́ ọwọ́ àna rẹ̀ rí, kò sì yìn ín rí. A máa yẹ ojú rírán wò, a gbé aṣọ náà sílẹ̀, a sì sọ pé ó gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ yìí ti há Fìdíẹ̀sílẹ̀ lọ́fun bí eegun ẹja. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́: kí Màmá rí kóòtù yìí kedere, kí ó sì sọ ohun tí ó ju “ó gbìyànjú” lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi àbúrò náà hàn ráńpẹ́ láti polówó ètò rẹ̀. Kóòtù búlúù ti di alápótí-apótí, bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Fìdíẹ̀sílẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tún sún sẹ́yìn, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé, Tíṣà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Ó ní kóòtù kò jẹ̀bi, wáyà ni ó gùn jù. Sígínà tí ń gbé àwòrán gba inú wáyà dà bí ọmọ tí a rán ní ṣúgà: bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni ṣúgà ń dín kù. Ó ní kí ó gé ìyókù. Fìdíẹ̀sílẹ̀ béèrè pé bí wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí yàrá lọ́la ńkọ́. Tíṣà rán an létí pé láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n náà ti dé, ojú kan ni ó wà.

Kàkà kí ó gé wáyà, ó lọ ra bústà, ẹ̀rọ kékeré tí í fún sígínà inú wáyà lágbára. Ẹni tí ó tà á sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ díìṣì ni kí ó so ó mọ́. Fìdíẹ̀sílẹ̀ rò ó títí dé ilé, ó sì pinnu pé ibi tí àìsàn bá wà ni à ń fi oògùn sí. Pálọ̀ ni àwòrán ti ń ṣàìsàn. Ó so bústà mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlà tí í fi agbára sígínà hàn fò sókè, èyí tí í fi dídára rẹ̀ hàn kò mira, kóòtù kò sì yé jẹ́ alápótí.

Ọ̀sán Sátidé ni Màmá dé, ó sì jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Tíṣà rí i pé àlàyé lásán kò wọ ọkọ òun létí, ó bá kó àwọn oníbàárà tí ń dúró de aṣọ wọn jáde, ó tò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sí ẹni àkọ́kọ́ létí nípa kóòtù àti ìròyìn, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni ìkẹyìn ni ọkùnrin tí í pe orúkọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ sì ń mi fèrèsé. Ohun tí ó ké sí Màmá ni pé ewúrẹ́ kan ti jẹ ìwé ìròyìn. Tíṣà ní kí ó tún un sọ, kí ó pariwo sí i. Ewúrẹ́ náà kò kúrò níbẹ̀, ó kàn dún sí i ni.

“Bústà yín nìyẹn,” ni Tíṣà wí. “Àṣìṣe ni ẹ ní kí ó máa pariwo.”

Ó wá mú ọlọ́hùn líle náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ sì dé pálọ̀ láìsí ewúrẹ́. Fìdíẹ̀sílẹ̀ kò jiyàn mọ́. Ó tú bústà, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ díìṣì, ó sì fi aṣọ agboòrùn rán ẹ̀wù òjò kékeré fún un, pẹ̀lú bọ́tìnnì. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀wù náà pẹ̀lú, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà yóò dàgbà.

Àwòrán gbé pẹ́ẹ́lí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn sì ti kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀. Màmá yí ara padà lórí àga, ó béèrè ohun tí ń gún òun lẹ́yìn. Wọ́n sọ fún un.

“Gé e,” ni ó wí.

Kò sí irin tí í gé wáyà nínú ilé. Sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ nìkan ni ó wà, èyí tí Fìdíẹ̀sílẹ̀ kò jẹ́ kí ó kan bébà rí, kí ẹnu rẹ̀ má bàa kú. Ó fi téèpù wọn wáyà, ó tún un wọ̀n, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó tún sún àmì náà síwájú díẹ̀. Màmá wò ó. Fìdíẹ̀sílẹ̀ sún un padà, ó di ojú, ó sì gé wáyà náà. Ìró tí sísọ́ọ̀sì ṣe dùn ún dé eyín. Ó bó ẹnu wáyà, ó ṣọ́ra kí okùn wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ má kan bàbà tí ó wà láàárín, ó sì so ó padà mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Àwòrán yọ, ó mọ́ bí omi inú gíláàsì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó kí àwọn òǹwòran, kóòtù búlúù kò sì ní apótí kankan. Ṣùgbọ́n òwú funfun gígùn kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kóòtù, ó sì ń jó ní gbogbo ìgbà tí oníròyìn bá mí.

Fìdíẹ̀sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí àwọn apótí padà wá. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń wá ìyókù wáyà lẹ́yìn àga. Màmá dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án.

“Òwú wo ni ó ń jó lọ́rùn ọmọ mi yìí?”

“Màmá, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ ni.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún tẹjú mọ́ èjìká kóòtù àti ọrùn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Kóòtù yìí dára,” ni ó wí. “Mo wá àléébù rẹ̀ títí, òwú yẹn nìkan ni mo rí. Ká ní ọwọ́ lè wọ inú tẹlifíṣọ̀n ni, ǹ bá bá ọ gé e.”

Kí ó tó lọ, ó yọ aṣọ kan láti inú báàgì rẹ̀, ó ní kí ó fi rán búláòsì fún òun, kí ó má sì gbàgbé láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú, nítorí òun náà kò tíì mọ ibi tí ara òun ń lọ. Fìdíẹ̀sílẹ̀ kò lè mú ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Lójú ẹsẹ̀ ni ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó sì gbé sísọ́ọ̀sì tì í. Sísọ́ọ̀sì tí ó ti jẹ wáyà kọ̀, ó kàn ń lá aṣọ bí ẹni tí kò léyín ni.

Títí wọn yóò fi bá a pọ́n sísọ́ọ̀sì náà, odidi aṣọ náà ni ó fi sílẹ̀.