Ọmọ Páílọ́ọ̀tì

"Ìyẹ́ òsì yìí nípọn jù."

Bàbá Yúnúsà fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ ìyẹ́ bàálù onígi náà, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ títí dé ṣóńṣó. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọwọ́ ló fi ń ríran báyìí; ẹnu rẹ̀ nìkan ni nǹkan kan kò ṣe.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé," ni Múdàṣírù wí. "Ẹ ní ó nípọn, mo fá a. Ẹ ní ó ti tínrín jù, mo gbẹ́ òmíràn. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n, òsì àti ọ̀tún dọ́gba."

"Ṣé rúlà ló wà ní Takoradi nígbà ogun ni, àbí èmi?"

Múdàṣírù gba bàálù náà padà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Ọ̀gá ni nídìí ọ̀dà ọkọ̀ ní Santasi, ní Kumasi. Àwọn onítáksì àti onítírótírò, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò, ń tò dè é, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń pè é ní Máásítà. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó ti bàbá rẹ̀ nílé ní Krofrom, ńṣe ló máa ń di ọmọdé padà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ni ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Kumasi máa yẹ́ bàbá sí nínú gbọ̀ngàn wọn, torí pé ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, àti torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Krofrom pé òun ló wa bàálù ogun nígbà ogun Hítílà. Bàbá Páílọ́ọ̀tì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mahfuz, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ní ìbá dáa kí àwòrán bàálù kan wà lórí tábìlì. Múdàṣírù ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá àwòrán kankan, òun á kan bàálù náà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Hamdia ọmọ rẹ̀ bá a tẹ ìwọ̀n bàálù náà jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Múdàṣírù sì sọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan di ìdajì íǹṣì. Igi wáwà tó fúyẹ́ ló fi gbẹ́ ara rẹ̀. Ó gé ike ìgò omi ṣe gíláàsì ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó fi agolo mílíìkì ṣe abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú ìṣó kéékèèké sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán, ó fi ìwé ìròyìn bo ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé, ó sì fọ́n ọ̀dà sí i bó ṣe ń fọ́n ọn sára ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá: àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé lókè, àwọ̀ ojú ọ̀run lábẹ́. Kò ṣe iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá. Ó fẹ́ kí bàbá òun fẹnu ara rẹ̀ sọ, kó tó kú, pé ọwọ́ ọmọ òun mọ iṣẹ́. Bàbá kò sọ ọ́ rí. Nígbà tí Múdàṣírù fìdí rẹmi nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, bàbá ní, "Èmi tí wọ́n ń pè ní Páílọ́ọ̀tì, táksì lọmọ mi á máa kùn." Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, bàbá kò yọjú. Nígbà tó kọ́lé, bàbá fi ọ̀pá kan ògiri kò-kò-kò, ó ní yóò lanu láìpẹ́. Ilé náà ti lé ní ogún ọdún, ògiri kò tíì lanu. Bàbá ṣì ń retí rẹ̀.

"Tún un fá," ni bàbá wí, ó sì na ọwọ́ kí wọ́n fa òun dìde, kí òun lọ rẹjú.

Múdàṣírù ń fá ìyẹ́ náà lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí Ìyá Sàbírátù jáde sí àgbàlá. Àbúrò bàbá ni. Takoradi, ìlú èbúté létí òkun, ló dàgbà sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tí ìjọba lé àwọn àjèjì, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Ghana mọ́ títí di àná tí wọ́n gbé e wá fún ayẹyẹ yìí. Yorùbá tirẹ̀ kò ní àbùlà Twi, èdè àwọn Àṣáǹtí.

Ìyá rí bàálù náà, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Irú èyí gan-an ni! Irú èyí ni bọ̀dá mi ń tú ní Takoradi!"

"Ẹ ṣé, Ìyá. Irú èyí ni wọ́n fi ń fò."

"Ta ló fò?"

"Bàbá ni. Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n tu."

"Tu kẹ̀?" Ìyá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé. "Mo ní wọ́n ń tú u! Bí èèyàn ṣe ń tú ẹrù. Inú àpótí pákó gbàgìdì gbagidi ni ọkọ̀ ojú omi ń kó wọn wá, ara lọ́tọ̀, ìyẹ́ lọ́tọ̀. Bọ̀dá mi àtàwọn aláàárù yòókù ló ń fa ìṣó rẹ̀ yọ, tí wọ́n ń tú wọn síta. Àwọn òyìnbó á wá tò ó pọ̀, òyìnbó á wà á lọ. Pákó àpótí yẹn ni wọ́n fi kan bẹ́ẹ̀dì tí mo sùn lé títí mo fi relé ọkọ. Òyìnbó wo ló máa gbé bàálù lé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Múdàṣírù kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti rántí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Twi sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bàbá sọ fún un pé, "Nígbà ogun, mo tú bàálù." Lédè Twi, ẹyẹ tó bá fò, wọ́n á ní ó tu. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún Kofi tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì pé, "Me papa tu wimhyɛn," bàbá mi ń fi bàálù fò. Kofi sọ fún tíṣà, tíṣà sọ fún gbogbo kíláàsì, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ gbogbo Krofrom ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ló ń bá bàbá sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ju kó mi orí lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èyí ti rin ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, àṣé Múdàṣírù gan-an ló bí i.

Ó wọlé lọ bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, àpótí lẹ tú."

Bàbá kò bi í pé kí ló ń wí. "Sàbírátù ló sọ fún ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Ṣé èmi ni mo sọ pé mo wa bàálù? Ìwọ lo gbé e ti ilé ìwé dé." Bàbá yíjú sí ògiri. "Kayakaya ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀, Múdà. Kayakaya, wá ru èyí. Kayakaya, wá ru tọ̀hún. Nígbà tó dọjọ́ kejì, tíṣà rẹ ṣí fìlà kí mi."

Àánú fẹ́ ṣe Múdàṣírù, ṣùgbọ́n ìbínú ti gba ẹnu ọ̀nà.

"Kò burú. Kí wọ́n máa kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi lù mí, Bàbá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ fi orúkọ yẹn lù mí. Ẹ mọ̀ pé ìṣó lẹ fà, ẹ sì ń wò mí lójú pé ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́."

Bàbá fa aṣọ ìbora mọ́ra.

"O ti fá ìyẹ́ yẹn?" ló wí.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn àgbà Yorùbá wà níwájú, àwọn Àṣáǹtí aládùúgbò láti Krofrom kún ẹ̀yìn. Wọ́n gbé bàálù sórí tábìlì aláṣọ funfun, àwọn èèyàn sì ń fi fóònù yà á. Mahfuz di máìkì mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá Páílọ́ọ̀tì rèé o! Mommɔ nsam mma no!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Bàbá, bàálù yìí rẹwà, wallahi. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn, ta ló kàn án?"

Ó na máìkì sí bàbá lẹ́nu. Múdàṣírù tẹ́tí sílẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti gbọ́, ó ṣì ń retí.

"Àwọn ọmọ kan ní Santasi ni," ni bàbá wí.

Mahfuz rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé máìkì fún Múdàṣírù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ Páílọ́ọ̀tì, ẹ wá sọ fún wa ohun tí bàbá ṣe nígbà ogun."

Múdàṣírù dìde. Gbólóhùn kan péré ni, gbogbo fìlà tí wọ́n ti ń ṣí fún ọkùnrin yìí á padà sórí àwọn tó ni ín. Ìyá Sàbírátù ń wò ó. Bàbá gbójú sókè sí ibi tí ohùn ti máa wá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Múdàṣírù kò rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá mi tú bàálù," ló wí, ó sì jókòó.

Àtẹ́wọ́ bo gbọ̀ngàn. Àwọn ará Krofrom dìde dúró, wọ́n ń pariwo, "Pilot! Pilot!" Níwájú, àgbà méjì tí wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá gbọ́ "tú" náà, wọ́n wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà àwọn náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Sàbírátù tẹ orí ba.

Táksì ló gbé wọn padà. Bàbá àti Ìyá wà lẹ́yìn, Múdàṣírù jókòó ti dírébà, bàálù wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n kọjá Asafo tán kí bàbá tó na ọwọ́ fi kan èjìká rẹ̀.

"Múdà."

"Bàbá."

"O sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọlọ́run fún ọ lẹ́nu."

Láti kékeré ló ti ń retí ìyìn. Ó dé wàyí, ẹnu ló wá bá. Ọwọ́ tó gbẹ́ bàálù kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

"Dírébà, mɛsi ha," ló wí. Ọkọ̀ dúró létí títì. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Gbé bàálù mi fún mi kó o tó lọ," ni bàbá wí, ó ti na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé.

"Rárá, Bàbá," ni Múdàṣírù wí. "Èmi ni mo kàn án."

Ó gbé bàálù rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì sọdá lọ wọ tírótírò Santasi.