Ohun Tó Ń Jẹ Ara Rẹ̀ Lórí Ewé Iṣu

Inú pálọ̀ ni oko iṣu náà wà, ebè mẹ́rìndínlógún, ìtàkùn wọn sì ti gun àjà. Ògúnríndé ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ìyẹn kò yà á lẹ́nu. Ewé ló ń bí i nínú: ó ń dúdú, ó ń ká kò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èèbù tí Ìyádùnní ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló wà nínú ebè wọ̀nyí. Kò sí òmíràn.

Ìyádùnní jókòó sórí àga, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n sin ín. Ògúnríndé kí i kú iṣẹ́. Obìnrin náà ní kí ó wo ohun tó fi bo orí ebè. Ó wò ó. Ìtàkùn èṣí ni, èyí tí àrùn pa. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o síbẹ̀ nígbà tí oòrùn mú, tí ibi tí koríko gbígbẹ wà sì jìnnà.

"Mo ní kí ẹ sun ún, Bàbá Fọlárìn," ni Ìyádùnní wí. "Ẹ ní obìnrin kì í kọ́ àgbẹ̀ lóko."

Lórí ewé kan, ohun kan jókòó tí kò tó hóró iyọ̀, ó funfun bí ohun tí í hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ó jẹ ikùn rẹ̀, ó jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fara balẹ̀ bí àlejò tí wọ́n gbé oúnjẹ fún. Bí ara rẹ̀ ṣe ń tán ni orí rẹ̀ ń le, tó ń wúwo, títí ewé fi tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ògúnríndé bi í pé kí ni òun ṣe fún un. Ohun náà ní òun kò tíì fọwọ́ kan nǹkan ẹnikẹ́ni. Bí òun kò bá jẹ ara òun, òun kò ní lágbára tí òun yóò fi dá ewé lu.

"Tí mo bá wọlé tán," ló wí, "n ó wá jẹun."

Ògúnríndé wo ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta tán lórí ibùsùn, tó ku eegun.

"Ìyàwó mi náà jẹ ara rẹ̀ tán," ni ó wí. "Ilé ta ni ó fọ́?"

Ohun náà ti jẹ ẹnu rẹ̀.

Ìyádùnní dìde, ó ń kó ìtàkùn èṣí kúrò lórí ebè. Ògúnríndé na ọwọ́ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti abẹ́ ewé náà kó má baà lu. Láti òdì kejì ewé, ohun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé àna. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.