Ìkòkò, Òrùka Amọ̀ àti Òkúta Ojú Fèrèsé

“Ẹ kúulé o,” ni Àmúdàtù wí. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ti fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ amọ̀ níwájú bàbá arúgbó tí ó jókòó ti ààrò. “Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

Bàbá kò dáhùn.

“Màmá Èkó, ère ni!” Mariyah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bú sẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe èèyàn gidi. Ẹ wo ojú ẹ̀, kò ṣẹ́ ẹ!”

Yaqub, ọmọ Àmúdàtù tí í ṣe bàbá Mariyah, sáré wá fà á dìde. Ojú ń tì í nítorí àwọn òyìnbó tí ó tò sẹ́yìn wọn. “Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibí.”

“Mo ti gbọ́,” ni Àmúdàtù wí, ṣùgbọ́n kò wọ bàtà.

Ojú kò tì í. Inú kò sì bí i. Láti ọjọ́ tí Síkírù ọkọ rẹ̀ ti jáde láyé, kò sí ohun tí ó ń dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ́. Ó ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú yàrá wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. Yaqub gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí ìlú òyìnbó, ẹ̀rù kò bà á. Wọ́n ní kí ó jẹun, ó jẹun.

Abúlé tí wọ́n mú un wá wò lónìí, igi, amọ̀ àti koríko ni àwọn òyìnbó fi kọ́ ọ, kí ènìyàn lè rí bí àwọn baba ńlá wọn ti gbé ayé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó mọ irin. Wọn kò fi gíláàsì bo ohunkóhun níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ ọkà lórí ọlọ, ó lè fẹ́ iná, ó lè da awọ ẹran bora. Qaanitah, ìyàwó Yaqub, ti da ọ̀kan bora, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀ ní ìta. “Ẹ fọwọ́ kàn án” ni ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, gẹ́gẹ́ bí Yaqub ti túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kàn án. Àmúdàtù rántí yàrá rẹ̀, níbi tí kò ti fọwọ́ kan nǹkan kan láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Fìlà Síkírù wà lára ìṣó. Ojú fèrèsé ni òkúta pẹlẹbẹ rẹ̀ wà, èyí tí ó fi ń ṣe àlùwàlá nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí omi kan ara rẹ̀ mọ́. Àmúdàtù ni í gbé òkúta náà lé e lọ́wọ́ ní ìgbà márààrún, lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ọwọ́ náà kò lè gbà á.

“Bàbá Bashiru tún pè láàárọ̀,” ni Yaqub wí. Bashiru ni àbúrò Síkírù, òun ni ó sì di olórí agbo ilé báyìí.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn náà ni. Ìgbéyàwó Muqtadir ọmọ wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí yàrá mìíràn nílé. Kunlékunlé tó máa kùn ún lọ́dà ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ máa dúró sí, kí ẹ fọwọ́ sí i lónìí, kí wọ́n lè kó ẹrù jáde.”

“Ta ni yóò kó o?”

“Muqtadir àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Wọ́n á tọ́jú èyí tó bá wúlò, wọ́n á da ìyókù nù.”

“Báwo ni wọn yóò ṣe mọ èyí tí ó wúlò?”

“Màámi, ẹ̀yin náà lẹ sọ lánàá pé kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n.”

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń wí sí ohun gbogbo.

Ọmọbìnrin òyìnbó tí ó ń mú wọn káàkiri wọlé, ó gbé òrùka amọ̀ ńlá kan sókè, ó ń sọ̀rọ̀.

“Ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú irú ẹ̀,” ni Yaqub ń túmọ̀. “Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ti aṣọ híhun ni, àwọn kan ní ti ẹbọ ni. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú, torí kò ku ẹnì kankan nínú àwọn tó ni ín tó lè sọ.”

Àmúdàtù na ọwọ́ gba òrùka náà, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó gbé ìkòkò onídìí roboto tí wọ́n fi ti ògiri, ó gbé e ka orí òrùka náà. Ìkòkò náà jókòó, kò mì.

“Bí a ti ń gbé àmù omi kalẹ̀ nílé ìyá mi nìyẹn,” ni ó wí. “Kí ni wọ́n ń jà sí?”

“Màmá Èkó ti na àwọn ọ̀mọ̀wé!” ni Mariyah kígbe. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò náà. Ó ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin nínú yàrá rẹ̀, ó ń rí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú òkúta lójú fèrèsé, tí ó wò ó tìhín-tọ̀hún, tí ó sì jù ú sí gọ́tà.

“Bá mi pe Bashiru,” ni ó wí.

“Ìyàwó wa!” Ohùn Bashiru dún gooro nínú fóònù. “Ṣé òtútù òyìnbó kò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú fíríìjì?”

“Ó ku díẹ̀, ọkọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá mi.”

“Há! Kunlékunlé ńkọ́? Ìyàwó tuntun ńkọ́?”

“Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Èmi fúnra mi ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òkúta kan wà lójú fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e.”

“Òkúta? Kí la wá ń fi òkúta ṣe nínú yàrá?”

“Bí mo bá dé, n óò sọ fún yín.”

Yaqub gba fóònù rẹ̀. Ó tì í bọ àpò. “Tí ẹ bá wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́ tán ńkọ́? Ṣé ẹ máa padà wá sọ́dọ̀ wa?”

“N kò mọ̀. Wá tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ná.”

Ó kọjá lára bàbá ère náà, ó rọra tẹ orí ba fún un, ó sì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bàtà rẹ̀ ni ó tó mọ̀ pé ilẹ̀ náà tutù, ó ti tutù dé egungun ẹsẹ̀ rẹ̀.