Ògiri Tó Gba Oòrùn Wa

Kí Ọ̀gbẹ́ni Crandall tó ra ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa, aṣọ kì í pẹ́ gbẹ lórí okùn wa. Alágbàfọ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Honora Gilfoyle, ní ìlú Troy. Kọ́là àwọn ọkùnrin, ìyẹn ọrùn ẹ̀wù tó ṣeé yọ sọ́tọ̀, là ń fọ̀, là ń sá, là ń lọ̀. Crandall sọ ilẹ̀ náà di pápá, ó sì kó àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù àfigigbá ṣiṣẹ́ jẹ síbẹ̀. Honora fẹ́ràn eré náà. Orí òrùlé ló ti ń wò ó, àwọn aládùúgbò sì ń gùn ún bá a.

Crandall ní olè ni wá, pé à ń wo eré òun láìsanwó. Ó gbé ògiri pákó rẹ̀ sókè títí ó fi ga ju ilé wa lọ. Bí oòrùn ṣe tán ní ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn. Kọ́là ń rùn lórí okùn, àwọn oníbàárà sì kó tiwọn lọ.

Honora lọ bá a. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ògiri yẹn kù. Oòrùn la fi ń jẹun."

"Ẹ lọ sá aṣọ yín sórí òrùlé," ni Crandall wí. "Ṣebí ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi délé, kò lè jẹun. Inú ń bí i.

Lọ́jọ́ ìdíje ńlá kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sí pápá. Honora dáná sẹ́yìnkùlé.

"Winifred, gbé koríko tútù yẹn wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á mú wa o."

"Kí wọ́n wá. Bóyá oòrùn wà ní àgọ́ ọlọ́pàá."

Èéfín bo pápá. Àwọn eléré kò rí bọ́ọ̀lù mọ́, rẹfirí dá eré dúró. Crandall já wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá, èrò sì rọ́ tẹ̀ lé e.

"Obìnrin yìí, o fẹ́ sun pápá mi?"

"Aṣọ ni mò ń yá níná. Ẹ ti gba oòrùn, iná ló kù mí kù."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ti Honora mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó bí àwọn alágbàfọ̀ ìlú nínú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbà láti fọ aṣọ àwọn eléré Crandall mọ́. Wọ́n ń wọ ẹrẹ̀ àná jáde, èrò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí Crandall fi ní kí wọ́n gé ògiri náà.

Oòrùn padà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ti rí ibòmíràn. Crandall ránṣẹ́ pé kí Honora wá wo eré lọ́fẹ̀ẹ́.

"Sọ fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún ìránṣẹ́, "pé mi ò bá a ṣeré."