Àfòmọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ṣọlápé gbé òdòdó kẹfà jáde nínú bàsíà omi òjò, kò gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Ó gbé e nàró pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tó dì mú, kí omi lè dúró láàárín ewé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ikú rẹ̀ wà.

Oyèbísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò Bajulaiye, ti kọ́ ọ dáadáa kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òdòdó tí kì í lo erùpẹ̀ ni Oyèbísí ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó rì í sómi fún ààbọ̀ wákàtí, kó gbọn omi rẹ̀ dànù, kó dorí rẹ̀ kodò lórí àjákù pépà tí wọ́n ń tọrọ nílé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀. Tó bá gbẹ tán, kó dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tí oòrùn kò ti ní jó o. Ṣọlápé fetí sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ẹni tí yóò pa nǹkan, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú un wà láàyè.

Láti Sátidé tó kọjá ló ti ti àwọn yòókù mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní tútù. Ọ̀la ni Oyèbísí ń bọ̀. Inú Ṣọlápé dùn, kò sì tijú.

Ṣé níbi àdúrà ọdún kan ikú Ọládiméjì ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo ìjọ, kọ́ ni Oyèbísí ti nàka sí i? "Àfòmọ́ ni obìnrin yìí! Ó lẹ̀ mọ́ àbúrò mi, ó mu ún gbẹ." Ṣọlápé tó fi ọdún mẹ́ta wẹ ọkùnrin náà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ! Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹwàolúwa ni, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Akoka tó fẹ́ ra ọ̀kan. Ṣọlápé na èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sómi sí i, ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Mọ́mì mi ní àfòmọ́ ni, pé ó máa ń pa igi tó bá gùn."

Ẹ̀rín pa Ṣọlápé. Ó pe Oyèbísí, ó fi fóònù sí sípíkà. Ó fẹ́ kí Oyèbísí fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n pe òdòdó rẹ̀.

"Àfòmọ́ kẹ̀?" Ohùn Oyèbísí gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ àti omi ló ń jẹ. Ó kàn di igi mú kó má baà ṣubú ni, kò mu nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ má bà á lórúkọ jẹ́ o! Ìyàwó, ṣé o ń tọ́jú wọn fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ṣọlápé wí.

Ọmọ náà ní òun á padà wá lọ́la. Nígbà tó lọ tán, Ṣọlápé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. Àárín rẹ̀ já sí i lọ́wọ́, ó ti jẹrà, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká mọ́lẹ̀ ní tútù. Ó fi èékánná họ igi abẹ́ rẹ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Gbòǹgbò náà kàn dì í mú ni.

Ó kó àwọn tó ṣì le jáde, ó gbọn omi wọn dànù tìbínú-tìbínú, ó dorí wọn kodò lórí pépà. Kì í ṣe nítorí Oyèbísí. Lọ́la, igi lásán yìí ni yóò gbé lé Oyèbísí lọ́wọ́, yóò ní kó fi ibi tí àfòmọ́ ti mu igi náà gbẹ han òun.

Ṣùgbọ́n Oyèbísí á béèrè ẹni tó pa òdòdó náà. Níjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀sùn ikú ọkọ rẹ̀ kàn án, Ṣọlápé gbójú sókè wò wọ́n, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ti ọ̀la yìí, kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.