Wíríwírí Méjì

Ikọ́ ló ń jí mi láràárọ̀, kí n tó la ojú rárá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi po ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ búrẹ́dì, dókítà sì ti sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé ìyẹ̀fun tí mò ń fà símú ló ń ba àyà mi jẹ́. "Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn, Mà," ló wí, bí ẹni pé iṣẹ́ so sórí igi tí mo kàn fẹ́ nawọ́ já. Mo fẹ́ bú u. Ikọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo tún ní irinṣẹ́ rẹ̀ nílé ni ẹja pípa. Apẹja ni bàbá wa. Ọkọ̀ kéékèèké méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọ̀kan fún èmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi kì í gbẹ. Tèmi wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ páànù, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá wa máa ń mú mi lọ sódò lọ́sàn-án, wọ́n á jẹ́ kí n ju àwọ̀n, wọn ò sì ní sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ni èmi àti odò pínyà, nítorí aago mẹ́rin ìdájí la máa ń wọlé iṣẹ́, ara mi sì ti kú tán kí n tó délé.

Orí ló bá mi ṣe é. Ọ̀gá ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ kan tó máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa sọ fún mi pé ẹni tó ń gbé ẹja wá fún òun ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó ń wá ẹnì kan tí yóò máa gbé ẹja tútù wá lójoojúmọ́ fún àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mà," mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ fi dán mi wò."

"Mo fún ẹ. Àárọ̀ lo gbé e wá o, ìrọ̀lẹ́ ni o, kò kàn mí, mo ní fíríìjì. Ṣùgbọ́n kí ẹja dé o. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ní jẹ àlàyé."

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, mo lé adìyẹ kúrò nínú ọkọ̀, mo sì gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó fi okùn há eyín.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló dáa jù láti pẹja?"

Ó kọ́kọ́ ta kókó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Oníbúrẹ́dì," ló wí, orúkọ tó fi ń dá mi lápàárá nìyẹn, "ṣé o fẹ́ wá gba odò mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Ta ló fẹ́ gba odò? Ẹ sọ ọ́ fún mi jàre."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Wíríwírí ni. Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún ẹ."

Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Ìdí ààrò búrẹ́dì ni mo wà lọ́jọ́ tí bàbá wa kú, mi ò sì mọ̀ pé wọ́n rántí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó: wíríwírí méjì ló wà lójúmọ́, ti àárọ̀ kí oòrùn tó yọ, àti ti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lo ìdajì ayé mi nínú ilé tí iná mànàmáná ń tàn yòò láti ìdájí, kí ni mo mọ̀ nípa wíríwírí àárọ̀? Bí mo bá fi máa jáde, oòrùn ti wà lókè. Ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ní wíríwírí.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá," mo wí. "Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, màá ti wà lórí omi."

Ó gbọ́ mi. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì tún dorí kodò sí iṣẹ́ rẹ̀. "Ọlọ́run á ṣe é," ló wí.

Ojú mi rí màbo láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn máa ń darí bọ̀, ẹ́ńjìnnì wọn á máa pariwo, omi á dàrú, á pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹja wo ló fẹ́ dúró níbẹ̀ kó máa jẹun? Mo ju àwọ̀n títí apá mi fi ń gbọ̀n. Ewé ni mò ń fà jáde, pẹ̀lú ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tójú ń ti èmi gan-an láti wò. Àwọn oníyanrìn á máa kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Mà, ṣé ẹ wá gba atẹ́gùn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò bọ́ sí i o."

"Ní sùúrù. Odò kì í ṣe ìyẹ̀fun." Ó dìde, ó wọlé, ó sì mú àwọ̀n rẹ̀ kan jáde fún mi. Àwọ̀n tó dáa ni. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹja mẹ́rin péré ni mo gbé lọ sí ilé ìdáná, gbogbo wọn ò sì kún àwo kan. Ọ̀gá ilé ìdáná wò wọ́n, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò mi, má bínú." Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé agbọ̀n ẹja kan tó kún dẹ́nu lọ bá a, ó sì gba iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní kí iṣẹ́ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí lòun ṣe lọ. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí ayé mi bí? Mo dúpẹ́!

Mo padà sídìí ìyẹ̀fun, ikọ́ náà sì le sí i. Ìyá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti tọ́jú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ṣàdédé ní, "Orí kunkun rẹ yìí ló ń dà mí láàmú. Bàbá rẹ ránṣẹ́ sí ẹ, o ò gbọ́."

"Iṣẹ́ wo, Màmá?"

"Èyí tó rán ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣebí mo wà níbẹ̀. Ó ní kó sọ fún ẹ pé wíríwírí àárọ̀ ni, kí àwọn oníyanrìn tó tan ẹ́ńjìnnì wọn. Ó ní kí o fi búrẹ́dì sílẹ̀ kó tó pa ẹ́. Ó ní nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ gan-an lo lọ́wọ́ ẹja, pé láti kékeré rẹ lòun ti rí i." Wọ́n ju òkúta kan tí wọ́n ṣà nínú ẹ̀wà sílẹ̀. "Àbí kò sọ ọ́ fún ẹ ni?"

Ikọ́ gbà mí. Ìgbà tó fi máa dáwọ́ dúró, wọ́n ti lọ bu omi wá, ọ̀rọ̀ sì ti yà síbòmíràn. Mo dùbúlẹ̀, ara mi ń gbóná. Bàbá wa ò yìn mí rí lójú mi. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n máa yìn mí láyé, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n fi sí, ẹni náà sì gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú la kì í ṣiṣẹ́. Mo ti wà létí odò kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, ẹja ń fò sókè káàkiri bí ẹni pé wọ́n ń ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín odò, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Mo wa ọkọ̀ mi lọ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́."

Ó ta gìrì. "Mi ò parọ́ fún ẹ o," ló kọ́kọ́ sọ, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan. "Wíríwírí ni mo sọ. Ìwọ lo ní ìrọ̀lẹ́."

"Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́, tẹ́ ẹ wò mí, tẹ́ ẹ dákẹ́."

"Ọmọ mẹ́rin ni mo ń bọ́. Odò yìí ò fẹ̀ tó bí o ṣe rò."

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi. Ká ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni, bóyá kò ní pẹ́ tí màá fi dárí jì í. Mo ju àwọ̀n mi lẹ́ẹ̀kan níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo fà á, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo da ẹja náà sílẹ̀, wọ́n ń ta pàrà láàárín ẹsẹ̀ mi. Òun náà ń wò wọ́n.

"Láti ọ̀la lọ, ibí lẹ ó máa bá mi láràárọ̀," mo wí. "Ìyẹn ti tán. Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Kí ni Bàbá tún ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọ̀n rẹ̀ jọ.

"Nípa èmi ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kàn sọ ọ́. Mi ò ní bínú."

Ó gbójú sókè, ó sì wò mí tààrà. "Wọn ò sọ nǹkan mìíràn," ló wí. "Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ."

Mo wa ọkọ̀ mi padà sí èbúté. Nígbà tí mo délé, ìyá wa ti jí, wọ́n rí agbọ̀n ẹja lórí mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. "Ta ló sọ pé bàbá rẹ ò ríran! O bá ẹ̀gbọ́n rẹ níbẹ̀?"

"Mo bá wọn, Màmá."

"Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ? Bí bàbá rẹ ṣe wí i?"

Mo wo ojú wọn. Abẹ́ òrùlé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, òun nìkan sì ni ọkùnrin tí wọ́n bí.

"Wọ́n sọ ọ́, Màmá. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́."

"Mo mọ̀," wọ́n wí. "Ọmọ mi ò lè ṣe irú ẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un níbi tí wọ́n dúró sí, pé yóò pẹ́ fún wa, pé kò ní rí ọ̀dàlẹ̀ láyé rẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe àmín.