Búrẹ́dì Gbígbóná Lọ́wọ́ Baba

Láti ọjọ́ tí Baba ti ṣubú ni òjò kò ti dá mọ́. Ó ń rọ̀ sórí páànù ilé búrẹ́dì bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀, àgbàrá ń wọ́ lọ lẹ́bàá títì, ojú ọ̀run sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyàwó ti wà nídìí ààrò. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, àwọn oníbàárà náà sì ti bá wọn mú un bẹ́ẹ̀. Ọmọ Baba ni ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Baba fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ búrẹ́dì. Ọkọ yìí ń wa ọkọ̀ ẹrù. Odò ti kún bo afárá tí ó yẹ kó gbà wálé, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dé ilé, lórí fóònù.

Ní ilé búrẹ́dì yẹn, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò. Bí búrẹ́dì àkọ́kọ́ bá jáde nínú iná, Baba á dà á dojú bolẹ̀, á fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, á sì dẹ etí. Bí ó bá dún bí àpótí òfìfo, ó ti jinná. Bí ó bá dún bí amọ̀, ó ń padà síbi tó ti ń bọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni yóò já igun rẹ̀ sẹ́nu, yóò di ojú, yóò sì máa jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Títí yóò fi la ojú, kò sí ẹni tó lè ta búrẹ́dì kankan.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ gbé Baba dálẹ̀, tí ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún àti ohùn rẹ̀ lọ, Ìyàwó fi kíkàn kún iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n títọ́wò, kò fọwọ́ kàn án. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá tọ́ búrẹ́dì àkọ́kọ́ wò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Baba kò ní padà wá. Ó fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un, bí a ti ń fi àga olórí ilé sílẹ̀ nídìí tábìlì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń wí yìí, ó ti wọn ìyẹ̀fun, ó ti da omi àti ìwúkàrà sí i, ó sì ti bu iyọ̀ sínú ife, nígbà tí fóònù dún. Àǹtí ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó lè máa jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Baba nílé ìwòsàn.

"Wọ́n ti tún fà á yọ," ni Àǹtí wí. Kò kí i.

"Kí ni wọ́n fà yọ, Àǹtí?"

"Rọ́bà imú tí wọ́n fi ń fún wọn lóúnjẹ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fà á. Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ mi."

Ìyàwó da iyọ̀ inú ife padà sínú garawa rẹ̀, kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Dókítà ní bó bá di ọ̀sán, tí wọn ò bá gbé nǹkan kan mì fúnra wọn, àwọn á fi rọ́bà mìíràn sí i, àwọn á sì de ọwọ́ yẹn mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún wọn, Ìyàwó."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́, mà."

"Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn. Máa bọ̀."

Ìyàwó padà sídìí ọpọ́n. Ó pò, ó gún, ó fi ìgùnpá tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kan tí wọ́n máa ń kọ nínú ìjọ lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gé lójú ọ̀nà, ó sì fi imú parí rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà wú kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń yọrí lókè páànù bí ọmọ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyàwó gbà á bí àánú. Ọlọ́run mọ̀ pé òun ń kánjú, ni ó rò. Nígbà tí búrẹ́dì jáde, ara rẹ̀ kò pọ́n tó bó ṣe yẹ; ó di ẹ̀bi rẹ̀ ru igi ìdáná tí òjò ti rin. Ó kan ìdí rẹ̀, ó dún dáadáa. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń tà.

Atúnbàtàṣe òdìkejì títì ló kọ́kọ́ wọlé, ó fi ọ̀rá borí nítorí òjò.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyàwó. Baba ńkọ́?"

"Ojú Ọlọ́run là ń wò, sà."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé bàtà wọn ti ṣe tán. Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá gbé e o. Èmi kì í gbé bàtà lọ kí aláìsàn."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn àti ìgbóná ààrò ni ó rí mú jáde nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí igbá tó kẹ́yìn ti ṣófo, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé fíláàsì tíì sínú àpò, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó ti ń móoru lẹ́nu ààrò, ó tì í sábẹ́ kóòtù mọ́ ikùn rẹ̀ bí aboyún, ó sì wọ inú òjò.

Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé Baba lè jẹ búrẹ́dì. Àtẹ́lẹwọ́ òsì Baba ni ó máa ń gbé e sí. Àwọn ìka yẹn á ká mọ́ ọn, iwájú orí Baba á tú, èémí rẹ̀ á sì rọlẹ̀ títí búrẹ́dì á fi tutù. Ìwọ̀n ìtura tí wọ́n ń rí nínú wọ́ọ̀dù náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ìyàwó kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ọlọ́run tó rán ẹyẹ ìwò níṣẹ́ oúnjẹ lè rán ohunkóhun.

Nígbà tó dé, Baba fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ètè rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn tí a tì láti inú. Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára irin bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti so orí rẹ̀ kan sílẹ̀. Ìyàwó mọ ohun tó wà fún kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé.

Àǹtí gbójú sókè láti orí àga. Bàtà rẹ̀ rin gbindingbindin, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O tún gbé e dé. Baba ò lè gbé omi mì, ìwọ ń gbé búrẹ́dì kiri."

"Kì í ṣe kí wọ́n jẹ ẹ́, mà. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ kó móoru."

"Ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ dè."

Ìyàwó mú ìbọ̀sẹ̀ kan jáde nínú àpò, tó ti ń yáná lẹ́bàá ààrò láti ìdájí.

"Mi ò bèèrè ìbọ̀sẹ̀," ni Àǹtí wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló ń ṣàìsàn."

"Ẹ ṣáà wọ̀ ọ́. Ó ṣì gbóná."

Àǹtí bọ́ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ náà tìbínútìbínú, bí ẹni ń fi ìyà jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó wọ èkejì tán, ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò dúpẹ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ṣíbí àti omi tó ti mú ki. Ó jẹ́ obìnrin onísùúrù, ohùn rẹ̀ kò ga rí. Ó pe Baba, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi ṣíbí kan ètè rẹ̀. Baba yí ojú sí ògiri. Ó tún gbìyànjú, omi náà sì ṣàn gba ìrùngbọ̀n rẹ̀ lọ.

"Dókítà ti ń yẹ àwọn aláìsàn wò bọ̀ láti ìsàlẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wo aṣọ funfun yẹn, ó sì tètè gbójú kúrò. "Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ìyá mi."

Ìyàwó tú táwẹ́ẹ̀lì. Ó gbé búrẹ́dì sọ́wọ́ òsì Baba, ó sì gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, àdúrà kúkúrú tí kò ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan nínú. Àwọn ìka náà ká mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni Baba dà á dojú bolẹ̀ lórí àyà rẹ̀, ó sì fi ìka kan ìdí rẹ̀.

Kò-kò.

Àǹtí dìde. Baba dẹ etí. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti gbé búrẹ́dì náà lọ sẹ́nu, ètè tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni sì ṣí.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, yóò há wọn lọ́fun," ni Àǹtí wí, ó sì na ọwọ́.

"Ẹ dúró," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó fi ọwọ́ rọ́ búrẹ́dì náà sẹ́yìn wẹ́rẹ́. Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí Baba lè jókòó dáadáa, ó já inú búrẹ́dì tó rọ̀, ó rẹ ẹ́ sínú tíì ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí Ìyàwó gbé wá títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu, ó sì bu ìba díẹ̀ sí ẹnu ṣíbí. "Bó bá kọ́ wọn lọ́fun, a ó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Baba gbà á. Ó di ojú, bó ṣe máa ń dì í nílé búrẹ́dì.

Ọ̀fun rẹ̀ kò mì. Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì lé e, ó ń dúró. Òjò ń kan fèrèsé. Ìyàwó rí i pé ọwọ́ Àǹtí ti wà nínú tirẹ̀, kò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀fun náà lọ sókè, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó wọlé," ni nọ́ọ̀sì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Baba la ojú, ó sì fa ojú ro bí ẹni tó jẹ orógbó. Ó wo Ìyàwó. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra ìka méjì pọ̀.

"Kí ni wọ́n ń bèèrè?" ni Àǹtí wí. "Ṣé owó ni?"

Ṣùgbọ́n Ìyàwó mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe máa ń ṣe lókè ọpọ́n. Ó já búrẹ́dì náà sẹ́nu, ó sì rí ife iyọ̀ lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe dà á padà sínú garawa.

"Iyọ̀ ni," ni ó wí. "Àǹtí, mi ò fi iyọ̀ sí i."

Nọ́ọ̀sì bu ṣíbí kejì. Baba pa ẹnu dé gbọn-in. Ó tún fi àtàǹpàkò ra ìka.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba. Dókítà gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i." Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn. Dókítà ti wọlé, ó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo ni ilé ìdáná wà?" ni Àǹtí bèèrè.

"Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ìba tó lè lẹ̀ mọ́ ìka kan péré ni o, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń ru."

Àǹtí kò dúró wọ bàtà. Olùkọ́ tó máa ń na ọmọ tó bá sáré lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì gbé ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré nínú ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pọ̀ pọ̀ pọ̀, wọn kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Dókítà kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ó kúrò nídìí èkejì. Ó dé ọ̀dọ̀ Baba, ó kí Ìyàwó, ó wo ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ti gbé ṣíbí kan mì, sà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Omi?"

"Búrẹ́dì rírẹ, sà. Wọn ò wúkọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Nọ́ọ̀sì bu ṣíbí. Baba yí ojú sí ògiri. Dókítà mí kanlẹ̀, ó sì wo aṣọ funfun náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi sì lè pa aláìsàn kú.

"Ẹ gbà wá láyè díẹ̀ sí i, sà," ni Ìyàwó wí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti lọ mú iyọ̀ wá. Búrẹ́dì náà ò dùn ni."

Dókítà wò ó bí ẹni pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Kó tó dáhùn, Àǹtí ti dé, ó ń mí hẹlẹ, ó di ìwé kékeré kan mọ́wọ́ bí ẹni tó di góòlù mú. Nọ́ọ̀sì fi ìka mú ìba díẹ̀, ó rò ó pọ̀ mọ́ búrẹ́dì inú tíì.

Baba di ojú, ó sì ya ẹnu fúnra rẹ̀. Dókítà tẹ̀ síwájú. Ọ̀fun náà mì, ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Baba la ojú. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń mì í kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

Dókítà gbọ́ èémí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. "Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀," ni ó wí fún nọ́ọ̀sì. "Bí èémí wọn bá yí padà, ẹ pè mí. Ọ̀nà ṣì jìn o, màmá, mi ò fẹ́ tàn yín." Ó nawọ́, ó tú aṣọ funfun náà kúrò lára irin, ó sì fi sí àpò.

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí jókòó. Ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Ó já nínú búrẹ́dì tó kù, ó tì í bọnu, ó mu tíì lé e.

"Kò dùn rárá," ni ó wí, ó sì tún já òmíràn. "Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ nípa iyọ̀ ayé."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì bá a jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ lé ẹnu. "Àǹtí. Gbogbo igbá tí mo tà láàárọ̀ ńkọ́?"

Fóònù rẹ̀ ló dáhùn. Atúnbàtàṣe ni.

"Ìyàwó, ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu níbẹ̀. Ṣé búrẹ́dì yìí ń bá wa gbààwẹ̀ ni?"

Ìyàwó wo ọwọ́ òsì Baba, tó sinmi lórí àyà rẹ̀ láìsí ìdè.

"Ẹ dá a padà, sà," ni ó wí. "Baba ti tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kò ṣeé tà."